Àtúnṣe: PET kì í rí gbogbo ibi tí jẹjẹrẹ ràn dé

Wọ́n ń pín in kiri pé bí àwòrán PET (àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ kiri inú ara) bá ti mọ́, jẹjẹrẹ ìfun kò ràn. Irọ́ ni. Ṣúgà onítànṣán tí wọ́n gún sára aláìsàn ni PET ń tọ̀. Jẹjẹrẹ tí kì í gba ṣúgà púpọ̀, pàápàá èyí tó kún fún ikun (omi yíyọ̀ bíi ti imú), lè yọ́ kọjá. Èyí tí kò tó mílímítà 8 náà sábà máa ń sá mọ́ ọn lójú.

Fún ẹ̀dọ̀, MRI (àwòrán tí wọ́n fi agbára òòfà yà) pẹ̀lú oògùn àwòrán ẹ̀dọ̀ ló mú jù: ẹ̀dọ̀ gidi á fa oògùn náà mu, á mọ́lẹ̀, ojú jẹjẹrẹ á ṣókùnkùn. CT (àwòrán X-ray tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀) ló ń rí kókó wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró. Èérún tó lẹ̀ mọ́ awọ inú ikùn ńkọ́? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki kámẹ́rà bọ ikùn ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.