Sáfà àwòrán ń falẹ̀? Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló sábà ń fà á

Nílé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT (tó ń ya àwòrán inú ara), bí àwòrán kò bá ti tètè ṣí lójú kọ̀ǹpútà dókítà, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé: "Sáfà yẹn ti gbó, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n á san owó gọbọi, tuntun á dé, àwòrán á sì tún máa wọ́ bíi ti àná. Iṣẹ́ sáfà PACS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àwòrán àyẹ̀wò, kò ju kó gba fáìlì, kó kọ ọ́ sórí dísìkì, kó kọ orúkọ aláìsàn sínú dátábéèsì, kó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó bá bèèrè. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ọlọ́dún mẹ́jọ ṣì lè ṣe ìyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Wáyà, dísìkì àti dátábéèsì ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán CT kan ṣoṣo sábà máa ń ní píksẹ́lì 512 níbùú àti 512 lóròó, báìtì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báìtì 524,288 nìyẹn, nǹkan bí ìdajì MB. Àyẹ̀wò tó bá ní àwòrán 1,000 á tó 500 MB. Lórí nẹ́tíwọ̀kì 1 Gbit/s, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 ni yóò gbà. Lórí 100 Mbit/s, yóò tó 45. Gigabit (1 Gbit/s) sì nílò gbogbo okùn tín-ín-rín 8 tó wà nínú wáyà. Bí eku bá gé ọ̀kan jẹ, tàbí tí wọn kò fún orí wáyà dáadáa, ọ̀pọ̀ káàdì nẹ́tíwọ̀kì á rọra já sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí Linux, ẹ tẹ ethtool àti orúkọ káàdì náà, kí ẹ wo ohun tó kọ síwájú Speed. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iperf3 wọn ìrìn láàárín sáfà àti kọ̀ǹpútà dókítà. Bó bá jẹ́ nǹkan bí 940 Mbit/s, nẹ́tíwọ̀kì kò lẹ́bi. Bó bá jẹ́ 94, wáyà tàbí switch (àpótí tí wọ́n ń so àwọn wáyà nẹ́tíwọ̀kì mọ́) ni. Sáfà olówó ńlá tí wọ́n bá so mọ́ wáyà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 45 náà ni yóò gbà.

Háàdì dísìkì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan lè ka fáìlì ńlá ní 150 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ bí ohun tí wọ́n ń bèèrè bá wà káàkiri, nǹkan bí ìbéèrè 100 ló lè dáhùn láàárín àkókò yẹn. Fáìlì 1,000 tó fọ́n ká, dókítà méjì tó ń kà, CT tó ń fi tuntun ránṣẹ́: ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń há. Lórí Linux, ẹ tẹ iostat -x 5, tó ń fi iṣẹ́ dísìkì hàn, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí %util (bí ọwọ́ dísìkì ṣe dí tó) bá sún mọ́ 100, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń dúró tó 30 tàbí 40 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), tí processor sì ń sinmi, dísìkì ni. SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) méjì nínú RAID 1, níbi tí méjèèjì ti ń kọ ohun kan náà, ni kí ẹ kó dátábéèsì àti àwòrán oṣù díẹ̀ sẹ́yìn sí. Kí ti àtijọ́ dúró sórí háàdì. SSD tí wọ́n ṣe fún sáfà, tó ní ààbò fún iná tó bá lọ lójijì, ni kí ẹ rà, àgàgà níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti bátìrì káàdì RAID, káàdì tó ń darí àwọn dísìkì pọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí káàdì kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ sọ́wọ́ kó tó kọ ọ́ sórí dísìkì. Bó bá kú, káàdì á máa dúró de dísìkì lórí gbogbo nǹkan, kí dátà má bàa sọnù bí iná bá lọ. Lórí RAID 5 (dísìkì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń pín dátà, tó lè fara da ikú ẹyọ kan), àkọsílẹ̀ kékeré kan ń di iṣẹ́ mẹ́rin: kíkà méjì, kíkọ méjì. Sáfà tó ń sáré lóṣù tó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n á ní ó ti darúgbó, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì lásán ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ tún wò ó bóyá dísìkì kan ti kú nínú RAID náà. Sáfà á ṣì máa ṣiṣẹ́, á kàn máa falẹ̀. Bí èkejì bá wá kú lórí RAID 5, àwòrán àwọn aláìsàn ti lọ nìyẹn.

Orthanc, ètò PACS tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn CHU ti Liège ní Belgium, ń lo dátábéèsì kékeré SQLite bí ẹ kò bá yí i padà. Ó tó fún ibi kékeré. Bí ẹ̀rọ àti dókítà bá pọ̀, dátábéèsì PostgreSQL ló yẹ. Ṣùgbọ́n Orthanc kò ní kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa tún fi àwòrán náà ránṣẹ́ sínú tuntun. Antivirus tó ń yẹ gbogbo fáìlì tó bá wọlé wò náà máa ń dá iṣẹ́ dúró: ẹ yọ fódà àwòrán àti ti dátábéèsì kúrò nínú ohun tó ń yẹ̀ wò, ẹ má yọ antivirus fúnra rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí rírà tuntun tọ́. Windows Server 2012 R2 kò gba àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ láti October 10, 2023. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè gbé èyí tó tuntun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, tó da ilé ìwòsàn NHS (ti ìjọba) rú ní Britain lóṣù May 2017, gba ihò ààbò tí Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde lóṣù March wọlé. Bí àṣìṣe RAM bá ń pọ̀ sí i lójú ihò RAM tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí a kò rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́, ẹ rà tuntun. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé smartctl (àṣẹ tó ń yẹ ìlera dísìkì wò) ló ń fi hàn pé Current_Pending_Sector, iye ojú dísìkì tí kò ṣeé kà dáadáa, ń lọ sókè, dísìkì yẹn nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, lónìí.

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì dá àyẹ̀wò mélòó kan padà láti inú ẹ̀dà náà kí ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi àyẹ̀wò kan náà wọn àkókò rẹ̀ kí ẹ tó yí òmíràn. Bó bá jẹ́ sáfà tuntun lẹ kó lọ, ẹ ka iye àyẹ̀wò àti iye àwòrán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Títí wọ́n á fi dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kan rẹ́ lórí ti àtijọ́.