Irú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń sọ irú ìwà tí a ní

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹlẹ́jẹ̀ O ni choleric (onínúfùfù), A ni melancholic (aláròjinlẹ̀), B ni sanguine (ọlọ́yàyà), AB ni phlegmatic (ẹni jẹ́jẹ́), pé ẹnì kan kò lè ní ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà kí àwọn àfẹ́sọ́nà fi ẹ̀jẹ̀ wo bóyá ìwà wọn á bára mu.

Kì í ṣe òótọ́. Ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó dára gan-an, àmọ́ torí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni, kì í ṣe torí ìwà. Láyé Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì àtijọ́, ni ọ̀rọ̀ ìwà mẹ́rin yìí ti gbilẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ irú ẹ̀jẹ̀. 1901 ni Karl Landsteiner, onímọ̀ ìṣègùn, tó ṣàlàyé irú ẹ̀jẹ̀. Ní 2014, Kengo Nawata, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Japan, yẹ ìdáhùn èèyàn tó lé ní 10,000 wò ní Japan àti Amẹ́ríkà, kò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń pinnu ìwà.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ìwà mẹ́rin pàápàá gbà pé àwọn ìwà náà máa ń lú mọ́ra nínú ẹnì kan: ọ̀kan á ṣáájú, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ìyá ọlọ́jà tó ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín láti àárọ̀ lè jókòó nírọ̀lẹ́, kó ka owó lẹ́ẹ̀mẹta torí ₦50 tó dín. Èwo la fẹ́ pè é? (Àwọn onímọ̀ òde òní kì í tilẹ̀ pín èèyàn sí mẹ́rin mọ́, bí ìwà kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó lára èèyàn ni wọ́n ń wò.)

Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá yín tí ẹ̀jẹ̀ wọn jọra, bóyá ìwà wọn jọra. Láti mọ àdàlù tiyín, ẹ bi ará ilé kan àti ará ibiṣẹ́ kan bí ẹ ṣe ń ṣe tínú bá ń bí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.