Iná àti afẹ́fẹ́ ló wà nínú air fryer: ọ̀rọ̀ pé ìtànṣán rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Ìkéré, mo gbé abọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi air fryer yan, ẹ̀rọ oníná kékeré tí a fi ń yan oúnjẹ, síwájú Yèyé mi. Òkè rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì, omi ọ̀pẹ̀ náà ṣì ń hó létí abọ́, òórùn atalẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Yèyé wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán se oúnjẹ lo fi ṣe é. Wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ. Mi ò ní jẹ ẹ́, ìwọ náà má jẹ ẹ́."

Yèyé nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣòwò ní Ọjà Ọba l'Ádó, mo gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹbí, wọ́n sì ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, níbi tí ẹnì kan ti ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ náà dànù. Ọ̀rẹ́ mi kan gba tirẹ̀ lẹ́bùn ìgbéyàwó, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, títí di òní kò tíì já páálí rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó bẹ̀rù jẹjẹrẹ. Àìsàn tó ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí ewu ò sí ni ìbẹ̀rù náà dojú kọ, nígbà tí òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ti dúdú, tó ń yọ èéfín, wà nínú agbada ní ilé ìdáná kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè.

Mo ní kí Yèyé jẹ́ ká jọ wo inú rẹ̀. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, a dúró kó tutù dáadáa, mo fa agbọ̀n inú rẹ̀ jáde, mo wá rọra dojú ẹ̀rọ náà kọ òkè lórí aṣọ, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká róbótó, irú èyí tó wà lára sítóòfù oníná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń se ìrẹsì nínú yàrá wọn. Lẹ́yìn irin náà, abẹ́ fáànù kékeré kan wà. Yèyé fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, ó fi tọ́ abẹ́ náà láàárín àwọ̀n irin, abẹ́ náà sì yí. Ó bi mí pé ibo ni ìyókù wà. Mo ní kò sí ìyókù. Irin á gbóná, fáànù á fẹ́ ooru rẹ̀ yí oúnjẹ ká, ohun kékeré kan tó ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó á máa pa irin náà, á tún máa tàn án, kó má bàa kọjá ibi tí a yàn fún un.

Ẹni tó bá ti ra bọ̀ọ̀lì rí ti rí iṣẹ́ yìí. Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lẹ́bàá títì máa ń kó èédú sínú àgbá, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó sì ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà léraléra kí gbogbo ara rẹ̀ lè jinná. Nínú air fryer, irin tó pọ́n ló gba ipò èédú, fáànù gba iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́ inú àpótí kékeré kí ooru má bàa sá lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Tí a bá fẹ́ sọ òótọ́ délẹ̀, ooru tó ń ta sí wa lójú nígbà tí a bá dúró ti ẹyín iná náà jẹ́ ìtànṣán, bẹ́ẹ̀ náà ni ooru oòrùn tó ń gbẹ àgbàdo wa. Irú èyí tó wà lára irin inú air fryer nìyẹn. Kò lágbára láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara lọ ba nǹkan jẹ́ bí X-ray tó bá pọ̀ jù ṣe lè ṣe, kì í sì í dúró sínú oúnjẹ. Bí a bá ti pa iná, ooru ló kù, yóò sì tutù.

Mo rò pé microwave ni wọ́n gbé ẹ̀sùn rẹ̀ wá sórí ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọdún 1945 ni Percy Spencer, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun èlò rédà ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé midinmíìdìn tó wà nínú àpò òun ti yọ́, láti ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe microwave. Ìgbì kan tí ojú ò rí ló ń gbọn omi inú oúnjẹ títí oúnjẹ náà á fi gbóná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á yé wa pé oúnjẹ tí a bá fi microwave gbóná kì í di olóró nítorí ìgbì náà, nítorí náà ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun náà kò dúró. Àmọ́ air fryer kò tilẹ̀ ní ohun tó ń tú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ jáde rárá. Ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ Philips gbé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Airfryer jáde, láti ọwọ́ Fred van der Weij, ará Netherlands. Ooru tí fáànù ń fẹ́ kiri ti wà nínú ààrò àwọn oníbúrẹ́dì tipẹ́ kí ó tó dìgbà náà. Wọ́n kàn ṣe é ní kékeré ni.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó yíyan tí Yèyé kọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́rìí sí i, ẹ sì lè fi dán an wò fúnra yín.

Ìdajì ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó mọ níwọ̀n àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó ti pọ́n ni mo lò. Mo gé wọn sí kéékèèké, mo rin atalẹ̀ díẹ̀ sí i, mo bu fúláwà ṣíbí kan dà á pọ̀ kí omi ọ̀pẹ̀ náà lè ki. Mi ò fi ṣúgà sí èso náà rárá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dùn tó. Mo dà á sínú abọ́ tánganran kan tó wọ inú agbọ̀n ẹ̀rọ náà, tó sì ṣẹ́ àyè kù létí kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Mo gbé e sí 180°C fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tí ìyẹn ń gbóná, mo fi ìka pa fúláwà gíráàmù 100, bọ́tà tútù gíráàmù 50, ṣúgà gíráàmù 40 àti iyọ̀ fíńfín pọ̀. Ìka ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe pò ó bíi ti àkàrà. Ẹ máa fi orí ìka fọ́ bọ́tà náà sínú ìyẹ̀fun títí yóò fi dà bíi gààrí tí omi ta sí, tó ń ṣù díẹ̀díẹ̀. Mo bù ú lé èso náà lórí, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo dín ooru kù sí 160°C, mo sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjìlá.

Títẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mi ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fa agbọ̀n jáde, ìyẹ̀fun ti fò lọ sí igun, èso wà ní ìhòòhò láàárín, ìyókù sì ti jó mọ́ ara irin. Afẹ́fẹ́ ló gbé e. Bébà tí àwọn kan ń tẹ́ sísàlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: tí oúnjẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fáànù á gbé e lọ bá irin tó pọ́n, á sì gbiná. Ìtànṣán kì í gbé bébà.

Ẹ tún wo òkè rẹ̀ tó pọ́n. Bí a bá fi fúláwà òun bọ́tà sínú microwave lásán, á gbóná, á rọ̀, àmọ́ kò ní pọ́n bẹ́ẹ̀ láé. Ooru gbígbẹ tó ń fẹ́ lu ojú oúnjẹ ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn, bíi ti búrẹ́dì, bíi ti bọ̀ọ̀lì. Abọ́ mi pẹ̀lú, irin wà nínú rẹ̀ lábẹ́ tánganran. Bí mo bá gbé e sínú microwave, ó ṣeé ṣe kó máa tan iná pàràpàrà. Nínú air fryer, ó jókòó jẹ́ẹ́. (Àwo alumíníọ́ọ̀mù lásán ni kí ẹ yẹra fún, nítorí pé kíkan ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń jẹ ẹ́.)

Ohun kan tún máa ń dẹ́rù bani lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òórùn bíi ti ike tó ń jóná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìtànṣán náà ló ń rùn. Òróró àti ohun tí wọ́n fi pa ara rẹ̀ nílé iṣẹ́ ló ń gbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tàn án lófìfo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó fi oúnjẹ kankan sí i, á lọ.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún wà, mi ò sì ní fi pamọ́. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ ní Sweden kéde pé ohun kan tó ń jẹ́ acrylamide máa ń wá sínú oúnjẹ oníṣítáàṣì tí a bá dín, tí a sun tàbí tí a yan nínú ooru tó kọjá 120°C. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé sì ti kà á kún ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: dídín, sísun àti yíyan ni. Dùndún inú agbada wà níbẹ̀, ìpékeré wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Air fryer ò dá a sílẹ̀, kò sì lè mú un kúrò. Bí oúnjẹ bá ṣe dúdú tó ni í ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ gbé abọ́ yín jáde nígbà tó bá pọ́n, ẹ má dúró kó di èédú. Ní ti iṣu tí a se fún iyán, kò sí lára àwọn oúnjẹ tí mo kà yìí, nítorí inú omi ló ti jinná, omi kì í sì í gbóná kọjá 100°C. Inú mi dùn láti sọ ìyẹn fún àwọn ará Èkìtì.

Bí ohun tí wọ́n fi bo inú agbọ̀n náà bá ti ń ṣí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ò tíì ṣí kò léwu, nítorí ó di bíi 260°C kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í sì í kọjá 200°C. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́.

Ní ti iná, tèmi ń jẹ wáàtì 1,500. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó wáàtì 1,000 kò lè gbé e. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjìdínlógún yẹn kò tó ìdajì yúníìtì kan.

Yèyé dúró fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Irin sítóòfù ni." Ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀, ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu kó tutù. Ó ní kò ta òun lẹ́nu bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe máa ń ta òun, mo sì ṣàlàyé pé ooru ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ tó máa ń ta ahọ́n. Nígbà tí mo padà láti ilé ìdáná, etí abọ́ níbi tí omi ọ̀pẹ̀ ti gbẹ mọ́ tánganran ló ń họ. Ó ní bí máńgòrò bá dé, kí n wá tún un ṣe, kí n sì mú abọ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá.