Orí Captain Nemo pé

Bẹ́ ẹ bá dárúkọ Captain Nemo láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé wèrè kan ni, pé ó kórìíra gbogbo ọmọ aráyé, ó wá kó sínú ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀, ó ń gbá ọkọ̀ tó bá ṣáà ti rí rì. Jules Verne, òǹkọ̀wé ará Faransé tó kọ ìtàn rẹ̀, ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orí Nemo pé. Ó mọ ẹni tó ń bá jà, ó sì mọ ìdí tó fi ń bá a jà. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòroó dá lẹ́jọ́ nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí èèyàn ná. Nínú Twenty Thousand Leagues Under the Seas, tó jáde ní 1869 sí 1870, òun àti àwọn àlejò rẹ̀ ń rìn nísàlẹ̀ òkun nítòsí Ceylon, ìyẹn Sri Lanka òde òní, nígbà tí àkùràkudà kan dojú kọ tálákà kan tó ń wá péálì. Nemo fa ọ̀bẹ yọ, ó kọjú sí ẹja náà. Díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ned Land, ọ̀kan lára àwọn àlejò náà, ló fi ọ̀kọ̀ gún ẹja yẹn tí Nemo fi rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà. Wọ́n gbé tálákà náà dé òkè omi, wọ́n ṣètọ́jú rẹ̀ títí ó fi sọjí, Nemo sì ki àpò péálì kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aronnax, tó ń sọ ìtàn náà, sọ fún un pé ó hàn pé àánú ọmọ ènìyàn ò tíì kú nínú rẹ̀. Nemo fèsì pé ọmọ ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ni lára ni ọkùnrin yẹn, pé ọmọ ilẹ̀ yẹn lòun náà, òun ó sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ lẹ́nu òun.

Wúrà tó ń kó látinú àwọn ọkọ̀ Spéìn tó rì sí etíkun Vigo ní Spéìn ní 1702, kì í ṣe òun nìkan ló ń ná an. Aronnax fòye gbé e pé ó ń fi lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará erékùṣù Kírétè tó ń bá ìjọba Tọ́kì jà. Àwòrán Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti ti John Brown, ará Amẹ́ríkà tó jà kí àwọn ẹrú lè gba òmìnira, sì wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Ta ló kórìíra gbogbo ènìyàn, tí yóò tún gbé àwòrán ẹni tó kú nítorí àwọn ẹrú kọ́ síbi tó ń sùn?

Fíìmù wà lára ohun tó dá ọ̀rọ̀ wèrè yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà kí fíìmù tó dé. Ọmọ Pólàǹdì ni Verne kọ́kọ́ fẹ́ fi Nemo ṣe, ẹni tí àwọn ará Rọ́ṣíà pa ẹbí rẹ̀ nínú ìdìtẹ̀ 1863. Hetzel, tó ń tẹ ìwé rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, torí kò fẹ́ kí ìwé náà bí Rọ́ṣíà nínú. Ìwé náà wá jáde láìdárúkọ ọ̀tá kankan. A rí ìbínú, a ò rí ohun tó fà á. Inú The Mysterious Island, tó jáde ní 1874 sí 1875, la ti wá gbọ́ pé Dakkar ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọba Bundelkhand ní Íńdíà, pé ó wà lára àwọn tó gbógun ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1857, àti pé bàbá, ìyá, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló bá a lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tún ibẹ̀ yẹn kọ kó má baà ba Gẹ̀ẹ́sì lórúkọ jẹ́. Ó ń dùn mí, torí pé ọ̀pọ̀ wa tó ka Verne lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ti gé tàbí tí wọ́n ti tún ṣe la kà.

Àmọ́ mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní akọni aláìlẹ́bi ni. Ọkọ̀ ogun kan tí kò ta àsíá rí Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi Nemo, lójú Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì yìnbọn sí i. Títí dé ibí yìí, ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ ṣe é. Nautilus yára jù ú lọ, ó lè sá, ó lè rì wọlẹ̀ kó sì bá tirẹ̀ lọ. Nemo ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tàn án lọ ní gbogbo òru, kò jẹ́ kó sún mọ́ òun, kò sì jẹ́ kó pàdánù òun. Aronnax bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi imú ọkọ̀ rẹ̀ gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì, ó wá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn atukọ̀ bí wọ́n ṣe ń gun òpó ọkọ̀ tí omi ń gbé mì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kúnlẹ̀ níwájú àwòrán obìnrin kan àti ọmọ méjì, ó bú sẹ́kún.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó ń kú lọ nínú ìwé kejì. Ó ní nígbà tóun gún ọkọ̀ ogun náà, ibì kan tóóró tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí omi rẹ̀ ò jìn, lòun wà, pé dandan ni kóun kọjá, òun sì kọjá. Àmọ́ nínú ìtàn tí Aronnax sọ, agbami ló wà, kò sí ohun tó dí ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ka ẹ̀rí Nemo yìí bí ẹni pé òun lòpin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí olùjẹ́jọ́ ni. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ò ní nílò irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Nemo mọ̀ pé òru ọjọ́ yẹn ò ṣeé gbèjà bó ṣe rí gan-an, ló ṣe ṣe é bí ẹni tí wọ́n há mọ́.

Cyrus Smith, ọ̀kan lára àwọn tó há sí erékùṣù inú ìwé kejì náà, tó gbọ́ ìtàn Nemo lẹ́bàá ikú rẹ̀, dá a lẹ́bi pé ó fẹ́ dá ohun àtijọ́ padà, ó ń bá ìlọsíwájú jà. Mi ò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn rárá. Kò sí ẹ̀bi nínú kéèyàn fẹ́ kí ilẹ̀ bàbá òun bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Òru yẹn lẹ̀bi rẹ̀, àti àwọn atukọ̀ tó wà lórí òpó, tí ìwé náà ò fìgbà kan sọ pé wọ́n tẹ ilẹ̀ Íńdíà rí.