Àwọ̀tẹ́lẹ̀ irun àgùntàn fún ọdẹ inú ooru: ṣé owó rẹ̀ tọ́ sí i?

Adéwálé_Georgia: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọdẹ. Inú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣí igbó fún àwa tá à ń fi ọfà dẹ àgbọ̀nrín ní Georgia, ooru ṣì ń mú gan-an nígbà náà. Wọ́n ní kí n ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ merino. Irun àgùntàn, nínú ooru yìí? Owó ẹyọ kan á ra pọlisítà bíi mẹ́ta. Ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọdẹ Àkànní: Rà á, àbúrò. Kì í ṣe irun tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà o. Wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 150 ni kó jẹ́, ìyẹn gíráàmù 150 nínú mítà kan níbùú lóròó. Tó bá ti kọjá 200, ti òtútù nìyẹn. Fọ́nrán merino tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yúnni lára. Ó lè fa omi tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kó o tó mọ̀ pé ó tutù. Pọlisítà kì í fa tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Tóyìn_Houston: Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jiyàn gan-an nìyẹn. Omi tó fà yẹn, níbo ló ń gbà lọ? Afẹ́fẹ́ Houston fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin. Aṣọ tó bá ti mu òógùn sínú kì í tètè gbẹ níbí. Pọlisítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mò ń wọ̀, alaalẹ́ ni mo sì ń padà sílé fọ̀ ọ́.

Ọdẹ Àkànní: Òórùn ńkọ́? Pọlisítà máa ń di epo ara mú. Bó o fọ̀ ọ́ títí, bí ara rẹ bá ti gbóná báyìí, òórùn àná tún dé.

Bàbá Ìbejì: Gbérí òwú làwọn bàbá wa fi dẹ igbó láti ìran dé ìran, oòrùn ilé kò sì ṣojúsàájú. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, kẹ́ ẹ fi owó yòókù ra ọfà.

Ṣadé_Denver: Bàbá, ẹ má bínú, òwú lè pa èèyàn lọ́dọ̀ wa. Elk, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, là ń dẹ ní Colorado lóṣù Kẹsàn-án kan náà, lórí òkè tó lè ga ju 3,000 mítà lọ. Lọ́sàn-án, ẹ ó gun òkè títí òógùn á fi bò yín. Oòrùn wọ̀ tán, òtútù dé lójijì, òwú tó ti tutù á lẹ̀ mọ́ yín lára, kò ní í dá ooru kankan dúró. Irun àgùntàn ṣì ń mú ara móoru bó tilẹ̀ tutù. Inú igbó là ń sùn fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí pé à ń fọṣọ. Ibẹ̀ ni merino ti tọ́ sí owó rẹ̀. Àbùkù tó ní ni pé okùn àpò ẹ̀yìn máa ń lu ihò sí i léjìká, nítorí náà, èyí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ rà.

Tóyìn_Houston: Mo gbà fún Ṣadé, òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan Adéwálé jẹ lórí òórùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ lọ bá àgbọ̀nrín, kò sí aṣọ tó lè gbà ọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ dojú kọ ni kó kọ́kọ́ wò kó tó gun pèpéle orí igi tó ti ń dọdẹ.

Adéwálé_Georgia: Ẹ ṣeun. Ẹ̀fọn àti eégbọn ńkọ́?

Ṣadé_Denver: Ẹ̀fọn ń ta merino fẹ́lẹ́ já. Ra alápá gígùn tí kò fún mọ́ ara. Fín permethrin, oògùn apakòkòrò, sí aṣọ òkè àti ṣòkòtò, kì í ṣe sí ara rẹ, kó o sì jẹ́ kó gbẹ kó o tó wọ̀ ọ́. Bó o bá ní ológbò nílé, má jẹ̀ẹ́ kó sún mọ́ ọn nígbà tó bá ṣì tutù, ó léwu fún wọn.

Adéwálé_Georgia: Ó dáa. Màá ra merino kan tó ní nílọ́ọ̀nù nínú, alápá gígùn, 150. Ṣòkòtò á jẹ́ pọlisítà.

Ọdẹ Àkànní: Omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́. Jíìkì á jẹ ẹ́, má fi sí i rárá. Má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà. Ti ṣòkòtò pọlisítà yẹn, n kò tíì gbà.