57 nínú 100, wọ́n ní ò tó: ọ̀rọ̀ ìbò oyún ṣíṣẹ́ ní Florida

Ní November 2024 àwọn ará ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà dìbò lórí Amendment 4, ìyẹn àbá àtúnṣe òfin kan, tó fẹ́ kó wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn pé ìjọba ò gbọdọ̀ dí obìnrin tó fẹ́ ṣẹ́ oyún lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ inú ò bá tíì tó ohun tó lè dá wà láàyè níta, tàbí tí dókítà bá ní ìlera ìyá ló gba bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, bíi 57 nínú 100. Wọ́n ní ò wọlé, torí òfin ibẹ̀ ní ó gbọ́dọ̀ pé 60.

Òfin 60 yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọdún 2006 làwọn ará Florida dìbò gbé e wọlé, ẹ sì wá gbọ́ o, kò pé 58 nínú 100 tó gbè é! Ká ní wọ́n fi òṣùwọ̀n ẹ̀ wọn òun náà ni, ì bá ti já kulẹ̀ látọjọ́ yẹn. Ní Ohio, ìpínlẹ̀ míì ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ gbé irú òfin 60 yìí wá ní August 2023, aráàlú kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó di November wọ́n fi bíi 57 yìí náà dá ààbò bo ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún, ó sì dòfin.

Òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní May 1, 2024, èyí tó ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ tí oyún bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ló wá kù sílẹ̀ fáwọn obìnrin Florida. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọ̀hún, ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣọjọ́ tó lóyún. Ẹni tó máa ń rí tiẹ̀ ní ọjọ́ 28, tó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, tó ń rò pé bóyá wàhálà iṣẹ́ ni, ọjọ́ 38 ti lọ nìyẹn, ó ku mẹ́rin péré, inú mẹ́rin yẹn náà ló ti máa wá dókítà, tó máa lọ rí i lójúkojú, tó máa padà sílé lọ dúró fún wákàtí 24 ó kéré tán kó tó tún padà wá, tó bá wá bọ́ sí wíkẹ́ńdì ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 15, àmọ́ wọ́n á ní kó mú pépà wá, ti ọlọ́pàá ni o, ti kọ́ọ̀tù ni o, tàbí ti ọsibítù. Ẹ̀yin ẹ wò ó!

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà wá ò fẹ́ gbọ́ oyún ṣíṣẹ́ sétí, yálà ẹ jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí onímọ́sálásí, a ò sì bá yín jà. Amendment 4 ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ ṣẹ́ oyún. Gọ́mìnà DeSantis náà lẹ́tọ̀ọ́ láti tako ó, àmọ́ kí àjọ ìlera ìjọba wá gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì kalẹ̀ láti fi bá ohun tí aráàlú fẹ́ dìbò lé lórí jà, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Ohun tá a ń sọ ni pé káwọn aṣòfin tó wà ní Tallahassee, olú ìlú Florida, fọwọ́ ara wọn tú òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ká, torí àwọn tó rán wọn níṣẹ́ ti sọ̀rọ̀. Wọn ò sì nílò 60 láti ṣe é, tí ìbò wọn bá ti ju ìdajì lọ nínú ilé méjèèjì, tí gọ́mìnà ò sì wọ́gi lé e, ó ti tó.