Akólòlò Tó Panu Mọ́ Kò Lè Pe Baba

"Ẹgbẹ́ ẹ dà?" Ìbéèrè yìí ti sú mi. Ó ṣòro kí a lọ sí òde àríyá kan báyìí kí bàbá kan má bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo àlejò, ẹran ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún nawọ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa èyí. Èyí ti parí." Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà ni pé yunifásítì kò mú un lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún rẹ̀ sì ti yẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti parí yìí náà ló ń pín omi fún wa.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí "ba" kan ṣe máa ń di mẹ́wàá lẹ́nu akólòlò kí ọ̀rọ̀ tó bọ́. Ẹni tí mo fẹ́ kí á wò ni ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò tíì jáde tó ti dìde, tó ní odi ni.

Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ ni mo rántí lọ́jọ́ náà. Ọmọ Yorùbá ni, Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1977, ó ka ilé ẹ̀kọ́ girama Tottenville ní Staten Island, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Indiana. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní quarterback, òun ló ń jù ú síwájú. Iṣẹ́ Ògúnlẹ́yẹ, defensive end, ni kí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ó borí géńdé tó wúwo ju kílò 130 lọ tí wọ́n fi dínà dè é, kí ó sì gbé quarterback ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbígbé ṣánlẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ sack. Ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan péré ló wà fún un láti ṣe gbogbo èyí, bí kò bá sì rí i ṣe, yóò tún padà sẹ́yìn ìlà, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ń kùnà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kó tó ṣàṣeyọrí lẹ́ẹ̀kan ni. Mi ò mọ iṣẹ́ tó tún dára jù ú lọ láti fi kọ́ aláìnísùúrù lẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ ní Indiana ni orúnkún já. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù NFL, líìgì tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kóra jọ sí gbọ̀ngàn Madison Square Garden, ní New York tí wọ́n ti bí i, láti mú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́. Orúkọ 254 ni wọ́n pè. Tom Brady tí gbogbo ayé wá ń wárí fún lónìí, ipò 199 ni wọ́n tó rántí rẹ̀. Ti Ògúnlẹ́yẹ kò jáde rárá. Ẹni ọdún 22 ni. Ká ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ni, wọn ì bá ti gbé àwo omi lé e lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ Miami Dolphins gbà á bẹ́ẹ̀ náà, láìjẹ́ pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Gbogbo ọdún 2000 ni kò fẹsẹ̀ kan pápá nínú ìdíje, orúnkún ló ń tọ́jú. Ní 2001, àbọ̀ sack ló rí, nítorí pé bí èèyàn méjì bá jọ gbé ọkùnrin náà ṣánlẹ̀, wọ́n á pín in. Àbọ̀! Ọdún kan gbáko, àbọ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí a ì bá fi ẹ̀rín ṣe nílé níbí. Ní 2002 ó di 9.5. Ní 2003 ó di 15, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ìsọ̀rí AFC, ìdajì àwọn ẹgbẹ́ NFL, tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.  Ó ràn án lọ́wọ́ pé Jason Taylor wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tí òun náà jẹ́ ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ akọni tí wọn kò rí nǹkan kan mú.

Mo wá ń bi ẹ̀yin bàbá. Ẹni tó wo ọmọ yìí ní 2000, tó ní ó ti parí, kí ló fẹ́ fi ojú yẹn wò ní 2003? Ẹ ń bú ọmọ ní gbangba, ẹ fẹ́ kí ó fi orúkọ yín ṣe ìyangàn ní gbangba. Ọmọ tó ń gbọ́ "èyí ti parí" ní gbogbo àríyá yóò gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí pé ẹ̀yin lẹ bí i. Nígbà náà lẹ máa wá sọ pé ayé ló ṣe é. Ayé wo?

Ní 2004, Ògúnlẹ́yẹ ní owó tí wọ́n fẹ́ san fún òun kò tó, kò sì yọjú síbi ìgbaradì. Miami bá fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago Bears, wọ́n gba agbábọ́ọ̀lù kan, Marty Booker, àti àyè kan láti mú ọ̀dọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Chicago bá a ṣàdéhùn ọdún mẹ́fà tó lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti mú fóònù láti ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ẹ gbé e sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù wọn, ẹgbẹ́ lè já ẹni sílẹ̀ láàárín àdéhùn, kí ọ̀pọ̀ nínú owó tí a kọ sínú ìwé má sì délé. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lòun lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2007, ó bá Chicago dé òpin ìdíje Super Bowl. Pápá wo? Pápá Miami, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀ lé wọn lórí, ẹgbẹ́ Colts sì fi 29 sí 17 lù wọ́n bolẹ̀.

Ọdún 2010 ló lò kẹ́yìn, pẹ̀lú Houston. Ẹni ọdún 33 ti di arúgbó nínú iṣẹ́ yẹn. Nínú ìpàdé ẹbí wa, wọn kò tíì níí fún un láyè kó sọ̀rọ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Warren Sapp, difẹ́ńdà tó gba ife Super Bowl pẹ̀lú Tampa Bay ní 2003, kò kéré lórí pápá rárá, síbẹ̀ ní 2012 ó wá sí ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ògúnlẹ́yẹ ní tirẹ̀ padà sí kíláàsì, ó gba oyè MBA ní Yunifásítì George Washington, ó sì di olórí ẹ̀ka tó ń gba àwọn eléré ìdárayá àti òṣèré nímọ̀ràn owó ní báńkì UBS. Ẹni tí orúnkún ti kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ní 22 ti mọ̀ pé ara kì í ṣe ohun tí a ń gbójú lé.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi báyìí. Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin náà ti sọ òwe yìí di ìrọ̀rí. Bí ìyá yín bá ní kí lẹ ń ṣe láti àárọ̀, ẹ ó ní "bó pẹ́, bó yá", ẹ ó tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Akólòlò inú òwe ń gbìyànjú ni! Ó ń sọ "ba" léraléra títí tí itọ́ fi ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rí Ògúnlẹ́yẹ lórí pápá, orúnkún ló ń tọ́jú, kò fi jókòó ka ẹ̀gàn. Ìwọ tí orúnkún tìrẹ yẹ̀, dókítà wo lo ti rí? Ìwé wo lo ṣí lẹ́yìn tí yunifásítì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó ń wo fídíò àwọn tó là di aago méjì òru, tó ń sùn di ọ̀sán, bàbá rẹ̀ lè jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ̀bi ibùsùn yẹn. Dìde, kí o lọ wẹ̀.